Ọjọ́ tí wọ́n ka igi obì Bàámi

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ìyàwó àbúrò Bàámi fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ògiri ilé wọn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó máa ń gbé àwo ẹ̀fọ́ sí. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí i lára, wọ́n sì fa ìlà méjì kọjá ara wọn lábẹ́ nọ́ńbà náà. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ nígbà tó ya fọ́tò, ó ti ṣàn dé orí ìkòkò omi tó wà nísàlẹ̀.

Ohùn rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. "Àǹtí Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, àwọn kan wá lónìí o. Wọ́n ní ọ̀nà ń bọ̀. Bàbá ò tíì fẹnu kan nǹkan kan látàárọ̀. Kí la máa ṣe báyìí?" Ọkọ rẹ̀, àbúrò Bàámi, ló ń pè ní Bàbá. Àǹtí Aránṣọ ló máa ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi bí ọdún mẹ́fà jù mí lọ, nítorí mo ti wà nínú agboolé kí wọ́n tó gbé e wá.

Mo gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo pa ẹ̀rọ, mo ní kí àwọn ọmọọṣẹ́ máa lọ sílé. Mo ti rí irú ọ̀dà yẹn rí. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré la fi pàdánù ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Bàámi fi ogójì ọdún gbìn, mo sì fẹ́ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ síbí, kí ẹni tí wọ́n bá kun ògiri tirẹ̀ lọ́la lè mọ ibi tó yẹ kó dúró sí.

Ọdún 2014 ni tiwa, ọ̀nà náà ni wọ́n ní wọ́n fẹ́ là. Abúlé wa wà níbi tí ilẹ̀ Ìbàdàn ti fẹ́ parí, tí ti Ìjẹ̀bú ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀: bí ogún ilé, ṣọ́ọ̀ṣì kan, mọ́sálásí kan. Ilé oníyàrá mẹ́fà ni Bàámi ní níbẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ níta, wọ́n fi páànù bò ó. Ẹ̀yìn ilé ni oko obì wà. Àbàtà ló pọ̀ jù níbẹ̀, gbànja ò ju díẹ̀ lọ. Ọ̀pẹ wà níbẹ̀, kòkó tó ti darúgbó wà níbẹ̀, igi àgbálùmọ̀ kan sì wà tí kò sí ọmọ abúlé tí kò mọ adùn rẹ̀.

Ìwé ló kọ́kọ́ dé. Ilẹ̀kùn Baálẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Bàámi ò mọ̀ ọ́n kà, Baálẹ̀ náà ò mọ̀ ọ́n kà. Ọmọ kan tó wà ní girama ló túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ohunkóhun lórí ilẹ̀ náà kó wà ńbẹ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá wá kà á. Wọn ò kọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ síbẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òfin ní kí wọ́n fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ lé onílẹ̀ lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n fi sílẹ̀ níbi tó ń gbé, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá wá ẹni náà tì ni wọ́n tó lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé, ilé tí ọ̀rọ̀ kàn náà ni wọ́n sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bàámi ò lọ ibì kankan. Inú oko rẹ̀ ló wà lójoojúmọ́.

Ọjọ́rú kan ni wọ́n dé. Bàámi pè mí láago mẹ́jọ àárọ̀. Ogún aṣọ ẹbí ló wà nílẹ̀ níwájú mi, tí wọ́n máa wọ̀ ní Sátidé. Mo ní, "Bàámi, ẹ bá mi dá wọn dúró, mo ń bọ̀." Aago kan ààbọ̀ ni mo tó débẹ̀. Wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Títí di òní, tí mo bá rántí aago kan ààbọ̀ yẹn, inú mi máa ń bàjẹ́.

Bó ṣe lọ, ẹnu Bàámi àti ẹnu ọmọ tó bá wọn gbé garawa ọ̀dà ni mo ti gbọ́ ọ. Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n. Ọ̀kan ń kà, ọ̀kan ń kọ, ẹ̀kẹta ń fi ọ̀dà sàmì. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, koríko sì ti ga dé orúnkún, torí Bàámi ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, alágbàṣe tó ń bá a ro oko sì ti lọ sílé rẹ̀. Bàtà ìgboro ni àwọn ọmọ náà wọ̀. Wọ́n wọ oko dé ibi tí koríko ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga, wọ́n dúró, wọ́n ń nàka. Bàámi ń fi ọ̀pá tẹ̀ lé wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ó kù nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́bàá odò."

"Bàbá, a ti rí i."

"Ẹ ò tíì débẹ̀."

"Bàbá, a ti rí i. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Nígbà tí mo dé, Bàámi ti tẹ̀ka. Yíǹkì ṣì wà ní àtàǹpàkò rẹ̀, ó na ìka náà síta kó má baà kan aṣọ. Wọ́n ti fún un ní ẹ̀dà fọ́ọ̀mù, èyí tó wà lábẹ́ kábọ́ọ̀nù, tí ìkọ̀wé ara rẹ̀ ti ṣe bàìbàì. Mo gbé e sójú oòrùn kí n tó lè kà á. Igi obì 38. Kòkó 11. Ọ̀pẹ 6. Ilé alámọ̀ kan. Ó parí.

Kànga ò sí níbẹ̀. Ilé ìdáná ò sí níbẹ̀. Àgbálùmọ̀ ò sí níbẹ̀. Ìyá Àgbà pàápàá ò sí níbẹ̀, ìyá tó bí Bàámi, tí wọ́n sin sí pálọ̀ ní 1981, tí a máa ń na ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ojú oórì rẹ̀ tí ooru bá mú.

Mo sùn lábúlé lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi àti Bàámi mú àdá, a wọ oko. Mo ti gé àjákù aṣọ ẹbí sínú báàgì, pélébé pélébé, léèsì aláwọ̀ ọsàn. Igi obì tí a bá ti kà, mo máa so àjákù kan mọ́ ọn, kí a má baà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bàámi ń pe ìtàn igi kọ̀ọ̀kan fún mi, èmi ń kọ ọ́. Èyí ti ń so kí wọ́n tó bí ẹ. Èyí, ìyá rẹ ló gbìn ín. Èyí ò tíì so, ọdún kẹta rẹ̀ nìyí. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ohun tó ń sọ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń díye lé igi, pé owó igi tó ń so yàtọ̀ sí ti èyí tí kò tíì so, ti ọ̀gbìn kékeré sì tún yàtọ̀. Nígbà tí a fi máa padà dé ẹ̀bá odò, àjákù léèsì mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló ti wà lára igi. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta! Àwọn ọmọ yẹn kọ méjìdínlógójì.

Lẹ́yìn náà ni mo fi téèpù ìṣẹ́ mi wọn ilé. Téèpù aránṣọ ò ju 60 íńṣì lọ, nítorí náà díẹ̀ díẹ̀ ni mo ń wọ̀n ọ́n, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri níbi tí téèpù bá ti parí, bí mo ṣe máa ń ṣe sára aṣọ. Mo wọn ògiri, mo wọn ilé ìdáná, mo so òkúta mọ́ okùn kí n lè mọ bí kànga ṣe jìn tó. Mo ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, Bàámi dúró sínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan.

Oníbàárà mi kan wà, obìnrin ni, ẹsítéètì sọ́féyọ̀ sì ni pẹ̀lú, ẹni tó ń díye lé ilẹ̀ àti ilé. Nígbà tó wá gba aṣọ rẹ̀, mo gbé ìwé mi síwájú rẹ̀. Ó kà á tán, ó bọ́ dígí ojú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ ò bá ti ṣe èyí kí wọ́n tó dé." Ó wá bi mí pé ẹ̀ẹ̀lò ni mo rò pé ilẹ̀ yẹn tó. Mo sọ iye tí wọ́n ń ta púlọ́ọ̀tì kan ládùúgbò wa. Ó mi orí. Ó ní kò sí ẹni tó ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wa o.

Ohun tó ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ náà rèé, mo sì ti ní kí lọ́yà kan kà á sí mi létí láti ìgbà náà. Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba ológun gbé jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa bá ará ìlú ṣọ́ ọ. Abala 28 fún un láṣẹ láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí ohun tí gbogbo ìlú máa jàǹfààní rẹ̀ bá dé. Abala 29 ló sọ owó gbà-máà-bínú. Ilẹ̀ gan-an, owó tí o san fún ìjọba lórí rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n gbà á nìkan ni wọ́n máa dá padà fún ọ. Ta ní san owó ilẹ̀ fún ìjọba lábúlé wa? Bàámi jogún ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Ní ojú abala yẹn, òfo ni.

Ohun tó bá wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n ń san: ilé, kànga, igi, ọ̀gbìn. Ti ilé, wọ́n máa ṣírò iye tí wọ́n fi máa kọ́ irú rẹ̀ lónìí, wọ́n á wá yọ ti ogbó rẹ̀ kúrò. Ilé Bàámi ti lé ní ogójì ọdún. A bí mẹ́fà nínú wa sínú ilé yẹn, òjò ò sì pa wá rí níbẹ̀, síbẹ̀ gbogbo ọdún tó fi dáàbò bò wá ni wọ́n yọ nínú owó rẹ̀. Ti igi ńkọ́? Iye tí ìjọba bá ti fi lé igi nínú ìwé tiwọn ni. Wọn ò ní bi ẹ́ léèrè iye obì tí igi yẹn ń so lọ́dún, àti ọdún mélòó tó ṣì kù fún un láti so.

Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n wá kà á ni gbogbo nǹkan parí sí. Ohun tí wọn ò bá kọ sínú fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé kò fìgbà kan wà láyé ni. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí gbọ́ ìyẹn dáadáa.

Ó dùn mí láti mọ̀ pé nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá, wọ́n fẹ́ sanwó fún Olóyè Olúwa bí ẹni tó kàn ń bá wọn ṣọ́ ilẹ̀. Àmódù Tìjánì, tó wà lórí oyè náà, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tó ń dé fìlà funfun l'Ékòó, kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà dé London. Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920, ó mú ọ̀pá àṣẹ Elékòó, ọba Èkó, lọ́wọ́. Ní 1921 àwọn adájọ́ Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìkẹyìn láti àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, dá a láre, wọ́n ní ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí àti ará ìlú, owó onílẹ̀ gan-an ni kí wọ́n san. Òyìnbó ló ń ṣàkóso nígbà náà o! A ti gba òmìnira, ọmọ wa ló ń jókòó sí ọ́fíìsì, síbẹ̀ ohun tí Olóyè Olúwa rí gbà, Bàámi ò lè rí i gbà. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé ìyẹn fún mi tó yé mi.

Wọ́n tilẹ̀ ti Òfin Lílo Ilẹ̀ yẹn bọ inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, débi pé a ò lè yí i padà bí a ṣe ń yí òfin mìíràn padà. Abala 47 rẹ̀ sì sọ pé kọ́ọ̀tù kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹjọ́ lórí bóyá owó tó tọ́ ni wọ́n san. Èdè-àìyedè lórí iye owó, ìgbìmọ̀ kan tí gómìnà fúnra rẹ̀ yàn ni wọ́n ní kí a gbé e lọ bá. Ṣùgbọ́n abala 44 ìwé òfin 1999 sọ pé kí wọ́n tètè san owó náà, kí onínǹkan sì lè lọ sí kọ́ọ̀tù lórí rẹ̀. Lọ́yà mi ní èyí tó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni kí n máa dì mú.

Mo kọ̀wé. Ẹ̀dà mẹ́ta, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ igi mẹ́tàlélọ́gọ́ta àti àwọn fọ́tò. Mo mú un lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó wá ka igi náà fúnra mi, mo ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo lọ kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lóhùn. Lóṣù kẹrin, wọ́n rán ọkùnrin kan tó ti dàgbà díẹ̀ wá. Bàtà òjò ló wọ̀. Ó wọ oko dé ẹ̀bá odò, ó ka igi kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ kan àjákù léèsì tó wà lára wọn, òjò ti fọ àwọ̀ ara wọn kúrò. Ó ní, "Ta ló so èyí?" Bàámi nàka sí mi. Ó ní mo ṣeun, ó ní iṣẹ́ òun dẹrùn lónìí. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló kọ, torí igi mẹ́fà wà lẹ́yìn bíkìn, òpó tí wọ́n fi sàmì ààlà, ọ̀nà ò kàn wọ́n. Ó kọ kànga, ó kọ àgbálùmọ̀. Ó kọ Ìyá Àgbà. Ilé ìdáná nìkan ni kò kọ, ó ní iṣẹ́ páànù àti igi ni, kò dúró bí ilé. Mi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ìyẹn títí di òní, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ó wá.

Àárín ẹbí náà ò rọgbọ. Òfin fàyè gbà á pé bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti àjọni, wọ́n lè san owó rẹ̀ fún olórí. Bí àwọn kan ṣe gbọ́ báyìí, wọ́n ní kí gbogbo owó gba ọwọ́ Mọ́gàjí kọjá, títí kan ti ọ̀gbìn ọkùnrin kan láti apá Ṣakí tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wa. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló gbìn. Wọ́n ní àlejò ni, pé orí ilẹ̀ wa ló wà. Bàámi kì í pariwo. Lọ́jọ́ náà ó dìde dúró. Ó ní, "Ta ló kọ ebè yẹn nínú yín? Ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ ni tiwa. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀, tirẹ̀ ni." Ó jókòó padà. Orúkọ ọkùnrin ará Ṣakí yẹn ni wọ́n kọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì gba owó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti Ìyá Àgbà ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa láti kó o kúrò kí katapílà tó dé. Òru ni Bàámi ní ká ṣe é, kí oòrùn má baà rí i. Àbúrò Bàámi àti àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ló fọ́ ilẹ̀ pálọ̀. Sìmẹ́ǹtì orí ojú oórì náà ti dán, torí eruku ẹsẹ̀ wa àti ìgbálẹ̀ ìyá mi láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Nígbà tí wọ́n fọ́ ọ, òórùn tó jáde, òórùn ilẹ̀ tútù lásán ni, bí ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ebè iṣu. Pásítọ̀ ka Bíbélì. Wọ́n gbé eegun rẹ̀ jáde díẹ̀ díẹ̀, wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké ló wà lọ́rùn ọwọ́, okùn rẹ̀ ti jẹrà, ìlẹ̀kẹ̀ wá fọ́n ká sínú iyẹ̀pẹ̀. Èmi àti ìyàwó àbúrò Bàámi kúnlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, a ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti rán aṣọ funfun kan sílẹ̀ fún un nílé. Mo ti rán aṣọ ìgbéyàwó, mo ti rán aṣọ ìkómọ, mo ti rán aṣọ òkú. Kò sí èyí tí ọwọ́ mi gbọ̀n sí bí èyí. Mi ò mọ ìwọ̀n tí màá fi gé e. Ìwọ̀n ọmọ ọdún mẹ́wàá ló gbà.

A sin ín sí itẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Owó tí wọ́n kọ fún ojú oórì yẹn ò tó sísan owó àwọn tó wa ilẹ̀ tuntun. Bàámi jókòó lórí òkúta títí ilẹ̀ fi mọ́.

Owó ọ̀gbìn dé ní 2016. Owó ilé dé ní 2017. Nígbà tí wọ́n ka ilé, àpò sìmẹ́ǹtì kan ò tó ẹgbàá náírà. Nígbà tí ṣẹ́ẹ̀kì dé, ó ti kọjá 2,500. Iye tí wọ́n ṣírò ní 2014 náà ni wọ́n san, kọ́bọ̀ kan ò lé e. Abala 29 yẹn kan náà sọ pé bí owó ilé bá pẹ́, kí wọ́n fi èlé báńkì lé e. Mo fi ìka mi tẹ ibẹ̀ nínú ìwé han akọ̀wé tó wà lórí tábìlì. Ó wò ó, ó ní òun ò rí irú ẹ̀ rí, ó ní kí n wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Bàámi ló ní kí n fi sílẹ̀, pé owó mọ́tò tí mo ń ná ti pọ̀ jù.

Owó ilé oníyàrá mẹ́fà, yàrá méjì ló kọ́ fún wa lórí ilẹ̀ tí mo rà ní Ìbàdàn, ó sì dúró sí lẹ́ńtù. Èmi àti bùrọ̀dá mi la fi páànù bò ó. Bàámi gbé ibẹ̀ fọdún méjì. Ó máa ń gbin èso obì sínú ọ̀rá omi, tí wọ́n bá hù, á tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Kò sí ilẹ̀ tó máa gbìn wọ́n sí. Ó kú ní 2019.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ìránṣọ máa ń sọ̀rọ̀ Maroko fún wa, l'Ékòó, nígbà tí ìjọba ológun wó o ní oṣù Keje ọdún 1990. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi kéde rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 300,000 ènìyàn. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ni ọ̀gá mi rí gbé lé orí, ó fi tábìlì rẹ̀ àti aṣọ oníbàárà sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ka nǹkan kan fún un. Ibi tó ń gbé nígbà náà ti di ilé olówó báyìí, kò sì fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá láéláé. Bó bá ti ń sọ ọ́, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí ẹ̀rọ náà. Òun la fi kọ́ṣẹ́.

Ìdí rèé tí mo fi bi ìyàwó àbúrò Bàámi pé kí ni wọ́n kọ sínú ìwé wọn, kí ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe. Ó ní ọ̀nà. Mo ní kó ya fọ́tò ìwé náà fún mi, gbogbo ojú rẹ̀, pẹ̀lú ibi tí wọ́n fọwọ́ sí. Ní 1991, nínú ẹjọ́ Osho àti Foreign Finance Corporation, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìjọba ò lè fi orúkọ ìlú gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan kó wá gbé e fún ilé-iṣẹ́ aládàáni. Bí wọ́n bá kọ ọ̀nà lónìí tí ẹsítéètì bá hù níbẹ̀ lọ́la, ìwé yẹn la máa fi bá wọn sọ̀rọ̀. Kí ọ̀nà jẹ́ ọ̀nà. Mi ò kórìíra ọ̀nà. Mo ń gba èyí tó gba orí ilé wa kọjá, ó dán, ó sì ti gba aboyún là láwọn abúlé tó wà níwájú. Ẹni tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ kó lè dán ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Mo ní kí wọ́n wá ẹni méjì tó lágbára kí wọ́n ro ìdí gbogbo igi ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹni tó wọ bàtà ìgboro náà lè rìn dé òpin oko. Mo ní kí Bàbá má tẹ̀ka sí ohunkóhun tí a ò bá tíì kà sí i létí lédè Yorùbá, bó bá sì jẹ́ pé iye tó wà níbẹ̀ ò pé, kí wọ́n kọ "kò pé" sí abẹ́ rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí wọ́n ka ilé adìyẹ mọ́ ọn, kí wọ́n ka ògiri ọgbà, kí wọ́n ka ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ tí wọn ò kà sí nǹkan kan. Ó bi mí pé ti àwọn ojú oórì ńkọ́. Mo ní mẹ́ta ni, kó fi ẹfun yí wọn ká.

Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lo ń bọ̀?"

Mo ní Sátidé, kí ìrì tó gbẹ. Mi ò gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí kankan lọ́sẹ̀ yìí. Mo ti ra ìwé tuntun, mo ti fa ìlà sí i: igi, ọdún rẹ̀, bó ti ń so tàbí kò tíì so. Lánàá, lẹ́yìn tí àwọn ọmọọṣẹ́ ti lọ, mo jókòó gé àjákù aṣọ, pélébé pélébé. Ankárá pupa ni mo lò lọ́tẹ̀ yìí, àwọ̀ rẹ̀ kì í tètè ṣí. Mo ti gé ọgọ́rùn-ún kan ààbọ̀.